Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Lẹ́tà

Leeds, England
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kíní, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara mi kò tíì dá tó ẹni tó ń kúnlẹ̀. Ẹ kú ọyẹ́. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ẹ ń sùn dáadáa? Màmá Prosper àbúrò yín ńkọ́? Ẹ bá mi kí gbogbo ilé ní Òdòde, kí ẹ sì bá mi kí àwọn ará oko ní Aládé.

Ọmọ wà dáadáa. Ó ń mu ọmú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jọ yín, ó sì ní ìkanra yín pẹ̀lú, torí tí oúnjẹ bá fi pẹ́ díẹ̀, gbogbo ilé tó wà lókè wa àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ló máa gbọ́.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ mọ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí yín láti ọjọ́ tí mo bí i, ẹ sì dá mi lóhùn pé ẹ gbọ́, pé a dúpẹ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó wá sí yàrá mi. Oyin wà ńlẹ̀, iyọ̀ wà ńlẹ̀, omi wà ńlẹ̀. Mo gbé fóònù sórí àpótí, mo pè yín. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Mo tún pè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin fúnra yín lẹ pa á. Mo rí i pé ẹ pa á, gbogbo àwọn tó wà ńbẹ̀ ló rí i.

Nínú ilé wa, bàbá àgbà ló ń fẹnu pe orúkọ ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ ní orúkọ tí wọ́n bá kọ kí wọ́n tó pè é, ìwé ló ni ín, ọmọ kò ní i. Nítorí náà nígbà tí pásítọ̀ tó bá wọn wá ní kí òun bá wa mú orúkọ kan, mo kọ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n kí mi, wọ́n lọ. Ìkókó la ṣì ń pe ọmọ yín.

Ìjọba ibí fún wa ní ọjọ́ méjìlélógójì láti forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ kò bá lè gbé fóònù, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí WhatsApp, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti gbọ́ ohùn yín kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ títẹ̀ ni ṣáá. Kí ni mo ṣe?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ o, Bàbá.

Èmi ọmọ yín,
Ìníolúwa, Àrìnkẹ́ yín


Òdòde, Ìdànrè
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì, ọdún 2025

Àrìnkẹ́ mi,

O kú ewu ọmọ. O kú ìtọ́jú, o kú òtútù. Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́. Ọmọ náà kò jọ mí o. Ojú ìyá rẹ tó ti lọ ló gbé wá, má ṣe gbé ojú arúgbó lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ní ti ìkanra, mo gbà, ìyẹn tèmi ni.

Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, má bínú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. O ṣáà mọ bí àwọn òkè yìí ṣe yí wa ká. Tí ó bá dé lówùúrọ̀, á ti lọ lọ́sàn-án.

Ọyẹ́ ọdún yìí gbẹ ètè gbogbo ayé. Kòkó tí a sá kẹ́yìn ti gbẹ, mo sì ti ní kí wọ́n ro ẹsẹ̀ igi tó wà lẹ́bàá odò. Mo lọ sí Aládé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ, mo gùn ún bọ̀, kò sí ohun tó ṣe mí.

Jẹ́ kí a máa kọ lẹ́tà síra wa. Kí ló burú nínú lẹ́tà? Wo ìlà ìwé yìí, wo bó ṣe ń lọ tààrà. Ṣé o rántí ìgbà tí ọwọ́ yìí ò lè gbé ife omi dé ẹnu láìdà á sí mi láyà? Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo fi fóònù yà á, kò sí ẹni tó bá mi dì í mú. Ìwọ lo ṣe é fún mi, Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà fún ọ.

Orúkọ ọmọ wà. Ṣe sùúrù. Mi ò ní kọ ọ́, o mọ̀ pé mi ò ní kọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Olútìmẹ́hìn


Leeds
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kejì, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ọmọ ń ṣe dáadáa.

Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ. Obìnrin tó wà ńbẹ̀ bi mí lórúkọ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní bàbá mi kò tíì pè é. Ó wò mí bí ẹni tó jí ọmọ gbé. Ó ní kò burú, òun á fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo, mo ní ọdún kan péré láti padà wá kún un. Bí mo ṣe jáde ńbẹ̀, mi ò lè gbé ojú sókè. Ìwé ọmọ mi wà lọ́wọ́ mi, orúkọ bàbá yín ló wà lẹ́yìn, iwájú rẹ̀ ṣófo.

Ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lánàá, Màmá Prosper pè mí láti Òdòde, fídíò ni a fi sọ̀rọ̀, mo rí eyín ẹnu rẹ̀ kedere. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo wá ni? Ó ní òun kò lè bò ó mọ́. Ó ní ẹnu yín ń wúwo bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ó ní ẹ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lójú ọ̀nà, ó ní ẹ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lójú gbogbo èèyàn. Ó ní wọ́n ti gba Bíbélì lọ́wọ́ yín. Ó ní ọtí ni.

Bàbá, ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ lé ẹ̀gbọ́n màmá mi jáde nílé nítorí ìgò bíà kan! Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ń ka Bíbélì fún wòólì. Tó bá ti ní "Kà á!", ohùn yín á kún ilé Ọlọ́run, èmi tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé á máa fọwọ́ tọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bàbá mi nìyẹn. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí a là kọjá ní India, tí wọ́n lu ihò sí yín lórí, tí wọ́n ki wáyà bọ inú ọpọlọ yín kí àìsàn Parkinson má baà sọ yín di ẹni tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́. Ṣé ọtí lẹ fẹ́ fi ọwọ́ tó ti balẹ̀ yẹn gbé?

Tàbí ọmọ yìí ni? Ẹ sọ ọ́. Mo rántí ọjọ́ tí ọmọ aládùúgbò wa lóyún, tí ẹ jókòó sídìí oúnjẹ tí ẹ ní ọmọ tí kò ní bàbá lórí ìjókòó, ta ni yóò dìde pè é lórúkọ. Bàbá ọmọ mi kò sí lórí ìjókòó. Ó lọ kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ojú ló ń tì yín láti pe ọmọ mi, ẹ sọ ọ́ fún mi ní òótọ́, kí n mọ̀ pé mi ò ní bàbá tí yóò pè é.

Ojú tì mí lánàá tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi purọ́ fún Màmá Prosper pé ọmọ ń ké, mo pa fóònù.

Ìníolúwa


Òdòde, Ìdànrè
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Àrìnkẹ́,

Mo ka lẹ́tà rẹ títí ojú fi ń ta mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń mú bírò tí mo ń sọ ọ́ sílẹ̀. Lónìí, jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Mi ò mutí. Ẹni tó bá ní mo mutí, kó mú ìgò rẹ̀ wá kí n rí i.

Ohùn mi ló lọ. Kò lọ lọ́jọ́ kan, ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà á wà nínú mi, á mọ́ gaara, ṣùgbọ́n tó bá dé ẹnu, wọ́n á máa rọ́ lu ara wọn. Ohùn náà kéré, ó sì ń fà. Àwọn èèyàn á ní, "Ẹ ní kí ni, Bàbá?" Mo bá tún un sọ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, a gbọ́," mo sì mọ̀ pé wọn ò gbọ́. Àwọn tí mo kórìíra jù ni àwọn tó ń bá mi parí ọ̀rọ̀. Mi ò tíì sọ ìdajì, wọ́n ti sọ ìyókù, ohun tí wọ́n sì sọ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo wá ń dákẹ́. Ẹsẹ̀ mi náà, tí mo bá fẹ́ yí padà, á lẹ̀ mọ́lẹ̀, màá wá ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ohun tí àbúrò mi rí nìyẹn.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, wòólì Olúbáyọ̀ ní, "Kà á!" Ẹsẹ kan péré ni. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde, èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Wòólì ní, "Kà á dáadáa, Bàbá." Mo tún la ẹnu. Babárìndé tó jókòó tì mí ló fi pẹ̀lẹ́ gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, ó kà á.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pè mí sí yàrá àwọn àgbà. Ọlọ́runyọmí, olórí àwọn àgbà ìjọ, tí mo fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù lọ, gbé imú rẹ̀ wá sí ẹnu mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fẹ́ atẹ́gùn." Mo fẹ́ ẹ. Àgbàlagbà ọlọ́dún méjìdínláàádọ́rin, nínú sùtánà funfun, mo la ẹnu, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọkùnrin nímú. Kò gbọ́ òórùn ọtí. Ó ní àwọn ọtí kan wà tí kì í rùn. Wọ́n fún mi ní ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún láti lé ẹ̀mí ìmutípara jáde. Mo sì gbà á, mo gbààwẹ̀ náà pé.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ń bẹ nínú mi. Ibẹ̀ ni ìtìjú gan-an wà. Wọn ò mọ̀, Àrìnkẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ní Ìdànrè, Màmá Prosper pàápàá kò mọ̀. Nígbà tí a lọ sí India ní 2017, mo sọ fún ìjọ pé ìwọ ni mo lọ kí ní ìlú òyìnbó. Nígbà tí mo dé tí ọwọ́ mi kò gbọ̀n mọ́, mo bọ́ síwájú, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo jẹ́rìí pé àdúrà tí a gbà lórí òkè ló wò mí sàn. Mo ní mi ò lo oògùn, abẹ kò kàn mí. Ijó tí wọ́n jó lọ́jọ́ náà, eruku sọ. Wọ́n fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún ọdún méje. Àwọn aláìsàn ń wá láti Oǹdó wá wo ọwọ́ mi. Mo jẹ́ kí irun mi kún kí ó lè bo kókó méjì tó wà lórí mi. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí mo bá de ìgbànú tó ń fi iná sínú bátìrì àyà mi, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo sì ní kí wọ́n má kàn án nítorí mo wà nínú àdúrà. Èmi tí mò ń cháàjì bí fóònù!

Ìwọ lo rìn, ìwọ lo sunkún, ìwọ lo gbé mi lọ. N kò dárúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan. Dárí jì mí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Èyí tó bá mi yìí, ẹnu gan-an ló ti mú mi. Ìwọ lo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dókítà yẹn, ìwọ lo túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kò sọ̀rọ̀ nípa ohùn. O ní ó ní kí n má bẹ̀rù. Torí náà mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló fà á. Ọlọ́run ló gba ohùn tí mo fi purọ́.

Ohùn yìí wá ni o ní kí n fi pe ọmọ? Kí ẹni àkọ́kọ́ tó máa pè é láyé pè é bí ọ̀mùtí, lójú àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́? Ìdí tí mo fi pa fóònù nìyẹn. Kì í ṣe nítorí bàbá tí kò sí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí oúnjẹ yẹn, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́, mi ò lè kó o.

Má sọ fún Màmá Prosper.

Olútìmẹ́hìn


Leeds
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú òjò. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ máa ní mo pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pa á rẹ́.

Ẹ má gbààwẹ̀ mọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbààwẹ̀ mọ́. Ọlọ́run kọ́ ló gba ohùn yín.

Dókítà sọ ọ́. Ẹ rántí yàrá yẹn, ẹ̀yin lápá ọ̀tún, òun lápá òsì, èmi láàárín. Ó ń sọ̀rọ̀, ẹ ń wo ẹnu mi. Ó ní ọwọ́ yín á balẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ohùn lè rẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ lè máa wúwo lẹ́nu, ẹsẹ̀ lè máa gbé yín ṣubú. Ó ní kò dájú pé yóò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ tó kí ẹni tó fẹ́ ṣe é mọ̀. Ó wò mí, ó ní kí n rí i dájú pé ẹ gbọ́ ọ. Ẹ ní, "Kí ló wí?" Mo ní, "Ó ní kí ẹ má bẹ̀rù."

Ẹ ti sọ fún mi lọ́jọ́ tó ṣáájú, níbi tí mo ti ń nu ẹ̀kọ tó dà sí yín láyà, pé kí wọ́n ṣe ọwọ́ bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n ṣe ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ẹnu yín, ẹ ń padà sílé. Mo mọ̀ pé ẹ máa padà sílé lóòótọ́. Mo mọ orí kunkun yín, òun náà ló wà lọ́rùn mi. Màmá kò tíì pé ọdún kan tó kú nígbà yẹn. Mi ò lè wo ẹ̀yin náà kí ẹ máa gbọ̀n títí ẹ ó fi lọ. Mo fi ohùn yín pààrọ̀ ọwọ́ yín, mi ò sì bi yín. Ohùn yín ni, kì í ṣe tèmi.

Ó tún kù, òun ló burú jù. Níbi iṣẹ́ mi, bàbá kan wà tó ti wa bọ́ọ̀sì rí, irú àpótí tó wà láyà yín ló wà láyà tiẹ̀. Èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ. Ohùn rẹ̀ rí bí tiyín. Nígbà tí Màmá Prosper ń ṣàlàyé bí ẹnu yín ṣe ń wúwo, Bàbá, mo mọ̀. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà ọtí yẹn sí yín, apá kan nínú mi sì mọ̀ pé kì í ṣe ọtí. Ó rọrùn fún mi kó jẹ́ ọtí. Tó bá jẹ́ ọtí, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí wà ní Ìbàdàn báyìí. Mo ti bá ọ̀kan sọ̀rọ̀, mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Wọ́n lè dín agbára rẹ̀ kù, ohùn lè padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan, àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń dàgbà. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan rìmóòtù tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ náà fúnra yín. Ẹ má pa á o! Tí ẹ bá pa á lójijì, gbogbo ara yín lè gan.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì irú èyí. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin.

Ìníolúwa


Òdòde, Ìdànrè
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Keje, ọdún 2025

Ìníolúwa,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ.

Inú ń bí mi. Mi ò ní parọ́ fún ọ, mo ti pa èyí tó tó. Mo lọ sórí òkè lọ́jọ́ tí mo kà á tán, mo fẹ́ pariwo, ohùn tí mo fẹ́ fi pariwo kò sí. Mo padà wálé.

O yẹ kí o bi mí. Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Má kọ̀wé sí mi fún ìgbà díẹ̀. Tọ́jú ọmọ.

Olútìmẹ́hìn


Leeds
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé, mo sì ti gbìyànjú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ ti ń rákò. Ó ti hu eyín méjì nísàlẹ̀. Níbi tí mo ń gbé e sí kí n tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n lẹ orúkọ gbogbo ọmọ mọ́ ibi tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́. Tiẹ̀, "Ìkókó" ni wọ́n kọ, wọ́n rò pé orúkọ ni. Ó ti ń dáhùn sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá.

Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn pè é. Mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é.

Àrìnkẹ́ yín, tí ẹ bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀


Òdòde, Ìdànrè
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025

Àrìnkẹ́ mi,

Mo ṣì ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni mo fẹ́ máa pè bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́?

O kú iṣẹ́, o kú ìdánìkantọ́mọ. Ọmọ tó kọ́kọ́ hu eyín nísàlẹ̀, a dúpẹ́, àwọn tó ń bẹ̀rù eyín òkè ò ní máa yọ wá lẹ́nu.

Mo ti lọ sí Ìbàdàn. Màmá Prosper ló bá mi lọ, nítorí ẹsẹ̀ mi kò ṣeé fọkàn tán nínú gáréèjì. Mo ní láti sọ gbogbo rẹ̀ fún un nínú ọkọ̀. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, ó ń kà á, ó ń sunkún láti Oǹdó dé Ifẹ̀, àwọn èrò ọkọ̀ rò pé òkú la fẹ́ lọ sin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí, èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ ọtí kiri." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé gbogbo ilé tó bá ti sọ ti ọtí ni kó padà lọ sọ ti ẹ̀rọ. Ó sì lọ o! Ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi, a rí i lò lọ́jọ́ kan.

Dókítà náà, ọmọ kékeré obìnrin ni, kò jù ọ́ lọ. Ó gbé nǹkan pẹlẹbẹ lé mi láyà, ó ń tẹ fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dín in kù, mo sọ pé "ẹ káàárọ̀", ó sì jáde bí "ẹ káàárọ̀"! Ní ìgbà yẹn náà ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì. Ó fi kún un, ọwọ́ jókòó, ohùn sá lọ. A ṣe é títí oòrùn fi yí. Ọwọ́ àti ohùn ti di orogún nínú mi, tí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á jáde. Kò sí ibì kan tí àwọn méjèèjì ti gbà láti jókòó pọ̀.

Ó wá ṣe é ní ọ̀nà méjì sórí rìmóòtù. Ọ̀kan wà fún ọwọ́, ọ̀kan wà fún ohùn. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa yí i, ó sì kìlọ̀ fún mi, bí ìwọ náà ṣe kìlọ̀, pé n kò gbọdọ̀ pa á. Ó ní ti ohùn pàápàá, kì í ṣe ohùn àtijọ́ ló máa padà. Ó máa lọ́ra, ó sì lè má pẹ́ títí kó tó tún rẹlẹ̀, torí àìsàn náà kò dúró. Mo ní mo gbọ́. Èmi fúnra mi ni mo gbọ́ ọ, Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Ní Sunday ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo kọ ìjẹ́wọ́ mi sínú ìwé, ojú ewé méjì. Mi ò fẹ́ fi ohùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà sọ ọ́ kí wọ́n má baà tún jó. Mo gbé ìwé náà fún Babárìndé. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Wòólì tó rò pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni ní, "Kà á!" Ó kà á. Ó ka India, ó ka iṣẹ́ abẹ, ó ka bí mo ṣe gbé ọwọ́ sókè tí mo purọ́ níwájú pẹpẹ. Ó ka orúkọ rẹ, Ìníolúwa, pé ìwọ lo gbé mi lọ. Mo dúró sí iwájú nínú sùtánà, láìwọ bàtà, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Kò sí ẹni tó jó. Ìyá àgbà kan nìkan ló ké "Halelúyà" níbi tí kò yẹ. Àwọn kan dìde, wọ́n jáde, wọn ò sì tíì kí mi títí di òní. Wòólì Olúbáyọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ní kí òun fọwọ́ kan àpótí àyà mi. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ó padà sókè, ó ní kí wọ́n kọ orin. Ọlọ́runyọmí tó gbóòórùn ẹnu mi ló wá bá mi nílé lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ ńlẹ̀ kí n tó ní kó dìde. Ọlọ́run á dárí ìyẹn náà jì mí.

Wọn ò dá Bíbélì padà fún mi. Mi ò sì bèèrè. Ó dùn mí, mi ò ní sọ pé kò dùn mí.

O fẹ́ mọ̀ bóyá inú ṣì ń bí mi sí ọ. Ó kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Babárìndé ṣe ń kà á, mo rí i pé iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ìwọ ṣe. Ìwọ fi òótọ́ pamọ́ kí bàbá rẹ lè yè, èmi fi òótọ́ pamọ́ kí wọ́n lè máa yìn mí. Ká ní o sọ ọ́ fún mi nínú yàrá yẹn, màá ti padà sílé lóòótọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ọwọ́ ara mi jẹun, tí mo fi ọwọ́ ara mi so bọ́tìnnì. Mi ò lè sọ pé kí o má ṣe é. Ohun tí mo lè sọ ni pé o yẹ kí o bi mí. Mo ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Ó yá, gbọ́ ohun tí o máa ṣe.

Ti ọwọ́ ni mo yí ẹ̀rọ sí báyìí, òun ni ìwé yìí fi lọ tààrà. Tí mo bá ti yà á tán tí mo fi ránṣẹ́, mo máa yí i sí ti ohùn, ibẹ̀ ni mo sì máa fi í sí. Mo ti rò ó dáadáa, kò sí ẹni tó bá mi túmọ̀ rẹ̀. Màmá Prosper á máa bá mi di ife mú, á sì máa so bọ́tìnnì fún mi. Nítorí náà, má retí lẹ́tà lọ́dọ̀ mi mọ́, èyí ló kẹ́yìn.

Bí o bá ti ka èyí tán, pè mí. Fóònù á wà lórí tábìlì, Màmá Prosper ló máa tẹ̀ ẹ́, torí tí mo bá gbé e dání, á bọ́. Bu omi sínú ife, kí o fi iyọ̀ àti oyin síbẹ̀. Tí àwọn tó wá lọ́jọ́ yẹn bá wà nítòsí, pè wọ́n, kí wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe rí. Má gbé fóònù sí etí rẹ. Etí ọmọ ni kí o gbé e sí.

Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú lẹ́tà yìí. Ẹnu mi ló wà, ó ti wà ńbẹ̀ láti ọjọ́ tí o bí i. Kò gùn, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ kó tó jáde. Tó bá jáde ní ìdajì tó dúró, má ṣe bá mi parí rẹ̀, Àrìnkẹ́. Jẹ́ kí n pè é tán.

Bàbá rẹ,
Olútìmẹ́hìn